Lẹ́yìn tí Ọkọ̀ Àgíríìkì Bá Lọ: Àgbéyẹ̀wò Ẹ̀kọ́ Àgbẹ̀ àti Ọ̀dọ́ ní Ìgbèríko Yorùbá

Nígbà tí ìjọba bá fẹ́ fi hàn pé òun ń ṣe nǹkan fún ará oko, iye ọ̀dọ́ tí wọ́n kọ́ níṣẹ́ àti iye àpò ajílẹ̀ tí wọ́n pín ni wọ́n máa ń kà sí wa létí. Méjèèjì ló rọrùn láti kà lọ́jọ́ tí ètò bá parí, tí kọmíṣọ́nà bá wá ya fọ́tò. Èyí tí ẹnikẹ́ni kì í padà wá kà ni ohun tó kù ní abúlé lọ́dún kẹwàá. Ṣé àwọn ọ̀dọ́ náà ṣì wà lóko? Ṣé ẹgbẹ́ tí wọ́n dá sílẹ̀ ṣì ń pàdé? Ó ti lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún tí oríṣiríṣi ènìyàn ti ń gbé ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ọ̀gbìn tọ àgbẹ̀ Yorùbá lọ sí oko rẹ̀, láti orí ìjọba amúnisìn dé orí yunifásítì, Báńkì Àgbáyé àti àwọn ìjọba ìpínlẹ̀ òde òní. Bí a bá tò wọ́n lẹ́sẹẹsẹ, a ó rí i pé ìmọ̀ tí wọ́n gbé wá kọ́ ló sábà máa ń ya èyí tó yọrí sí rere sọ́tọ̀ kúrò lára èyí tó fowó ṣòfò. Ẹni tó gbé e wá, bó ṣe pẹ́ tó níbẹ̀, àti bóyá ẹni tó kọ́ ọ ní ilẹ̀ tí yóò fi ṣe é, ibẹ̀ lọ̀rọ̀ wà.

Àwọn tó kọ́kọ́ ṣe iṣẹ́ náà kò tilẹ̀ mọ̀ pé àwọn ń ṣe é. Ní òpin ọ̀rúndún kọkàndínlógún, ọjà dẹnu kọlẹ̀ fún àwọn oníṣòwò Èkó kan, wọ́n sì kó lọ sí Agége lọ dá oko kòkó àti obì. J. K. Coker ni olókìkí inú wọn. Òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ dá ẹgbẹ́ àwọn olóko Agége sílẹ̀ ní 1907. Lébìrà ni wọ́n fi ń ṣiṣẹ́, ọ̀pọ̀ nínú àwọn lébìrà náà sì jẹ́ ọ̀dọ́kùnrin láti àwọn ìlú òkè. Bí wọ́n ṣe ń gba owó iṣẹ́ ni wọ́n ń fojú sí i: bí a ṣe ń tọ́jú ọmọ kòkó lábẹ́ ibòji, ìgbà tí a ń ká a, bí a ṣe ń fi ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ bò ó fún ọjọ́ mélòó kan kí a tó sá a. Nígbà tí wọ́n ń padà sílé, kóró kòkó wà nínú ẹrù wọn. Ìjọba amúnisìn ní ilẹ̀ tirẹ̀ ní Moor Plantation, Ìbàdàn, tó di ojúkò ẹ̀ka iṣẹ́ àgbẹ̀ ní nǹkan bí 1910. Síbẹ̀, àwọn lébìrà yìí, àwọn oníṣòwò àti àwọn oníwàásù ló ṣe bẹbẹ jù láti gbé kòkó wọ inú igbó. Ẹni tó ń kọ́ ará abúlé nígbà náà ní oko tirẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ tiwọn. Bí ohun tó kọ́ wọn bá jẹ́ irọ́, tirẹ̀ náà yóò kú mọ́ ọn lọ́wọ́.

Ìjọba náà ṣe dáadáa nígbà tó gbà láti fi àgbẹ̀ ṣe alábàáṣe. Ní àwọn ọdún 1920, kòkó wa kò níyì tó bẹ́ẹ̀ lọ́jà òkèèrè. Àwọn àgbẹ̀ ń tà á kó tó gbẹ, nítorí pé oníṣòwò tó ń rà á kì í fi owó ya èyí tó dára sọ́tọ̀. Àwọn òṣìṣẹ́ ẹ̀ka iṣẹ́ àgbẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ wọn ní ẹgbẹẹgbẹ́ bí wọn yóò ṣe bò ó, bí wọn yóò ṣe sá a, wọ́n sì gbà wọ́n níyànjú láti kó o jọ tà pa pọ̀. Inú àwọn ẹgbẹ́ kéékèèké yìí ni ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù ti jáde. Òfin rẹ̀ jáde ní 1935. Ẹgbẹ́ Gbedun, lẹ́bàá Ìbàdàn, forúkọ sílẹ̀ ní 1937. Nígbà tó fi di 1953, àwọn alájẹṣẹ́kù Ìwọ̀-Oòrùn ti ní báńkì tiwọn. Ẹ wo ibi tí ẹ̀kọ́ lórí bí a ṣe ń sá kòkó gbé wọn dé. Òṣùwọ̀n tiwọn wọ ọwọ́ wọn, ìwé ìṣirò tiwọn náà, ọmọ abúlé tó bá sì mọ̀ ọ́n kọ mọ̀ ọ́n kà rí iṣẹ́ akọ̀wé ẹgbẹ́ ṣe láìkúrò nílé. Nígbà tí ọ̀gá àgíríìkì bá gba ìwé pé kó lọ sí ìlú mìíràn, ẹgbẹ́ kò bá a lọ.

Ṣùgbọ́n ìjọba kan náà ló tún fi ọwọ́ ara rẹ̀ ba ibi tó ti ṣe dáadáa jẹ́. Ní àwọn ọdún 1940, àrùn kan tó ń mú ẹ̀ka kòkó wú wọ ilẹ̀ wa. Àwọn onímọ̀ mọ̀ pé kò ní oògùn, àfi kí a gé igi tó ní in àti àwọn tó yí i ká. Òótọ́ ni wọ́n sọ. Àmọ́ àṣẹ ni wọ́n fi gbé e kalẹ̀, àdá ni wọ́n sì gbé wá. Àgbẹ̀ ń wo igi tó ṣì ń so, tó fi ń san owó ilé ẹ̀kọ́ ọmọ rẹ̀, bí wọ́n ṣe ń gé e lulẹ̀, owó ìtùnú tí wọ́n fún un kò sì tó nǹkan. Ìjà bẹ́ sílẹ̀ lóríṣiríṣi ibi títí ìjọba fi jáwọ́ nínú gígé tipátipá ní àwọn ibi tí àrùn náà ti pọ̀ jù, ní nǹkan bí 1950. Láti ìgbà náà, lójú ọ̀pọ̀ ará oko, ọ̀nà kan ṣoṣo ni wolé-wolé, agbowó-orí àti àgíríìkì ń gbà wọ abúlé. Nígbà tí ìjà Àgbẹ́kọ̀yà dé ní 1968 sí 1969, owó-orí ni wọ́n ń pariwo, ṣùgbọ́n ìyà tí àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba ti fi jẹ wọ́n wà nínú ẹjọ́ tí wọ́n rò.

Ẹni tó bá fẹ́ rí bí ẹ̀kọ́ kan náà ṣe lè di ìrànlọ́wọ́ níbì kan kó di ìyà níbòmíràn, kó wo ilé ẹ̀kọ́ Tuskegee ní Alabama, tí Booker T. Washington dá sílẹ̀. Ní 1900, àwọn Jámánì tó ń ṣàkóso Tógò ké sí àwọn ènìyàn Tuskegee láti wá kọ́ àwọn ará ibẹ̀ ní ọ̀gbìn òwú. Wọ́n wá, wọ́n ṣiṣẹ́, wọ́n dá ilé ẹ̀kọ́ òwú sílẹ̀ ní Notsé. Àwọn ajẹ́lẹ̀ Jámánì ló ń ṣa àwọn ọ̀dọ́ ránṣẹ́ síbẹ̀, wọn kò bi wọ́n bóyá wọ́n fẹ́. Ọdún púpọ̀ ni wọn yóò fi gbin òwú tí Jámánì fẹ́ rà, ní iye tí Jámánì dá lé e. Kí ẹ sì wá wo Tuskegee kan náà ní 1906, nílé ara rẹ̀: wọ́n di irinṣẹ́, irúgbìn àti ẹ̀rọ tí a fi ń ṣe bọ́tà sínú kẹ̀kẹ́ ẹṣin kan, Thomas Monroe Campbell sì ń wà á láti oko dé oko láàrin àwọn àgbẹ̀ aláwọ̀ dúdú, ó ń ṣe é kí wọ́n fojú rí i. Iṣẹ́ rẹ̀ yìí ṣáájú òfin 1914 tí Amẹ́ríkà fi sọ ẹ̀kọ́ oko di ètò orílẹ̀-èdè. Ìmọ̀ kan náà, ilé ẹ̀kọ́ kan náà; ní Alabama, oúnjẹ àti owó àgbẹ̀ fúnra rẹ̀ ni wọ́n ń wá.

Àwa náà dé orí ọ̀rọ̀ ọ̀dọ́ ní tiwa ní 1955, ọdún tí ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní Ẹkùn Ìwọ̀-Oòrùn. Nígbà tí àwọn ọmọ náà fi jáde, ọ́fíìsì kò gbà wọ́n, wọn kò sì fẹ́ gbé ọkọ́ bàbá wọn. Ìjọba Awólọ́wọ̀ rò ó, Akin Deko tó jẹ́ mínísítà ètò ọ̀gbìn sì wà nídìí iṣẹ́ náà: wọ́n wo bí àwọn ará Ísírẹ́lì ṣe ń gbé pọ̀ ṣe àgbẹ̀, wọ́n sì gbé ètò ibùdó àgbẹ̀, tí gbogbo ayé ń pè ní fáàmù sẹ́tímẹ́ǹtì, kalẹ̀ láti 1959 sí 1960. Ọ̀dọ́ yóò lo ọdún méjì nílé ẹ̀kọ́ àgbẹ̀, wọn yóò wá fún un ní ilé, ilẹ̀ àti owó yíyá ní Akufọ̀, ní Ìlọrà, ní Ìjàyè àti níbòmíràn.

Mo rò pé ètò yìí yẹ ní ọ̀wọ̀ ju bí àwọn òǹkọ̀wé kan ṣe ń bù ú kù lọ. Lára gbogbo ètò tí àyẹ̀wò yìí kàn, díẹ̀ ló mọ̀ pé ọ̀dọ́ nílò ilẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀kọ́. Èyí mọ̀ ọ́n láti ìbẹ̀rẹ̀. Ohun tó pa á lára ni owó àti ibi tí wọ́n gbé e sí. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún pọ́n-ùn ni wọ́n ná lórí ọ̀dọ́ kọ̀ọ̀kan kó tó ká igbá èso kan, nítorí pé kòkó, ọ̀pẹ àti rọ́bà ni wọ́n ní kó gbìn, igi wọ̀nyí kì í sì í so lọ́dún méjì. Títí wọn yóò fi so, owó ìtọ́jú ni ọmọ náà ń jẹ lóṣooṣù. Òun fúnra rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í rí ara rẹ̀ bí òṣìṣẹ́ ìjọba tó ń retí owó oṣù. Àwọn àgbẹ̀ abúlé ẹ̀gbẹ́ ibẹ̀, tí wọ́n rò pé yóò máa wá wo àwòkọ́ṣe, wò ó lóòótọ́. Wọ́n wo ilé tí ìjọba kọ́, katakata tí ìjọba gbé wá, wọ́n sì sọ pé bí wọ́n bá fún àwọn náà ní èyí, àwọn á ṣe jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ta ni yóò bá wọn jiyàn? Ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ fi ibùdó sílẹ̀. Àwọn tó dúró di àgbẹ̀ gidi, àwọn ọmọ wọn sì ṣì wà ní àwọn ibùdó kan dòní, nínú ilé tí a kọ́ nígbà tí Nàìjíríà ń gba òmìnira.

Isoya ni òdìkejì rẹ̀. Ní 1969, àwọn olùkọ́ ní ẹ̀ka ẹ̀kọ́ ìgbèríko ní Yunifásítì Ifẹ̀ (kò tíì di Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ nígbà náà) wọ abúlé Isoya àti àwọn abúlé tó yí i ká. Yunifásítì náà ní àjọṣe pẹ̀lú Yunifásítì Wisconsin, tó ń ràn án lọ́wọ́ lórí ẹ̀kọ́ àgbẹ̀, ẹ̀kọ́ láti ilẹ̀ Amẹ́ríkà pé ilé ẹ̀kọ́ gíga gbọ́dọ̀ ní oko tó ń lọ sì ti wọ̀ wọ́n lára. Wọn kò kọ́ ilé tuntun fún ẹnikẹ́ni. Àgbàdo pupa ni wọ́n kọ́kọ́ gbé wá. Kòkó agbègbè náà ti ń gbó, àwọn olóko adìyẹ sì ń wá àgbàdo pupa fún oúnjẹ adìyẹ, nítorí náà àgbẹ̀ lè rí owó rẹ̀ láàrin oṣù mẹ́rin. Láti orí àgbàdo ni wọ́n ti kan ìṣòro tó kù: ìwé kíkà fún àgbà, iṣẹ́ ilé àti ìtọ́jú ọmọ fún àwọn obìnrin, ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù. Yunifásítì Ìbàdàn ṣe irú rẹ̀ ní Badeku láìpẹ́ sí ìgbà náà.

Ohun tí mo fẹ́ràn jù nínú Isoya ni pé ó sún mọ́ ilé. Olùkọ́ tó bá sọ fún àgbẹ̀ pé irúgbìn yìí dára, ó mọ̀ pé òun á tún padà dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ nígbà tí irúgbìn náà bá hù tàbí tí kò bá hù, òun náà sì ni yóò gbọ́ ọ̀rọ̀ tó bá tẹ̀lé e. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ ń gba ẹ̀kọ́ níbẹ̀, nítorí náà àǹfààní ló jẹ́ fún yunifásítì náà pé kí abúlé náà má tú. Àwọn oníṣègùn Ìbàdàn ti mọ ọ̀nà yìí ṣáájú: láti 1963 ni wọ́n ti ń rán akẹ́kọ̀ọ́ wọn lọ gbé ní Igbó-Ọrà ní Ìbàràpá, láti kọ́ ìtọ́jú ìlera níbi tí àwọn ènìyàn ń gbé. Ní tòde òní, yunifásítì àgbẹ̀ tó wà ní Abẹ́òkúta, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1988, ń rán àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ lọ gbé ní àwọn ìlú bí Odògbolú àti Ìwóyè-Kétu, kí wọ́n dáko láàrin àwọn ará ibẹ̀ ṣáájú kí wọ́n tó gba oyè. Yunifásítì kan náà ní rédíò tó ń bá àgbẹ̀ sọ̀rọ̀ ní èdè rẹ̀. Kò sí èyí tó pé. Akẹ́kọ̀ọ́ mìíràn ń ka ọjọ́ tí yóò padà sí ìgboro. Síbẹ̀, ọdọọdún ni àwọn tuntun ń dé, abúlé sì mọ ẹni tí wọn yóò dá lẹ́bi bí nǹkan bá bàjẹ́.

Lẹ́yìn ogun abẹ́lé ni owó epo wọlé, ẹ̀kọ́ oko sì di ohun ńlá. Obásanjọ́ ní kí gbogbo wa gbin nǹkan ní 1976, Ṣàgàrí pe tirẹ̀ ní Ìyípadà Aláwọ̀ Ewé ní 1980. Díẹ̀ ni mo ní láti sọ lórí ìwọ̀nyí, nítorí ariwo wọn pọ̀ ju iṣẹ́ wọn lọ. Èyí tó ṣe pàtàkì ni ADP, ètò ìdàgbàsókè iṣẹ́ ọ̀gbìn tí Báńkì Àgbáyé fi owó yíyá tì lẹ́yìn. Òkè Ọya ló ti bẹ̀rẹ̀ ní 1975, ní Funtua, Gusau àti Gombe, ó sì dé ọ̀dọ̀ wa ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1980, ní Èkìtì àti Àkókó, ní àríwá Ọ̀yọ́ tó fi Ṣakí ṣe ibùjókòó, kó tó wá kan gbogbo ìpínlẹ̀. Wọ́n la ọ̀nà oko, wọ́n gbẹ́ kànga. Ọ̀nà ìkọ́ni wọn, tí Daniel Benor gbé kalẹ̀, ní ìlànà tó mọ́ gaara. Òṣìṣẹ́ kan ní àwọn abúlé tirẹ̀, ó ní alùpùpù, lẹ́ẹ̀kan ní ọ̀sẹ̀ méjì ni yóò dé ọ̀dọ̀ àwọn àgbẹ̀ tí wọ́n yàn, àwọn yẹn ni yóò sì sọ ọ́ fún aládùúgbò wọn. Àwọn onímọ̀ á máa kọ́ òṣìṣẹ́ yìí ní ohun tó bá àsìkò mu. Bí àgbẹ̀ bá ní ìbéèrè tí òṣìṣẹ́ kò lè dáhùn, ìbéèrè náà gun òkè lọ títí yóò fi dé ọ̀dọ̀ àwọn onímọ̀ ní ìpàdé oṣooṣù.

Nígbà tí owó ń wọlé, ó ṣiṣẹ́. Àṣìṣe kan wà níbẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀: ọkùnrin tó ní ilẹ̀ púpọ̀ ni wọ́n sábà máa ń yàn láti bá sọ̀rọ̀. Àwọn obìnrin tó ń rẹ ẹ̀gẹ́, tó ń yan gààrì, tó ń ta iṣu lọ́jà, kò gbọ́ nǹkan kan àfi ohun tí ọkọ bá rántí sọ. Nígbà tó di òpin àwọn ọdún 1980, ADP dá ẹ̀ka obìnrin sílẹ̀. Obìnrin ló ń bá obìnrin sọ̀rọ̀, ẹ̀rọ ìrẹ́gẹ̀ẹ́ àti ọ̀nà tí a fi ń tọ́jú oúnjẹ pamọ́ sì wọ inú ẹ̀kọ́. Mo gbà pé ẹ̀ka yìí ni ohun tó dára jù tí ADP fi sílẹ̀. Nígbà tó yá, owó Báńkì Àgbáyé tán, iṣẹ́ náà bọ́ sọ́wọ́ ìpínlẹ̀. Ìpínlẹ̀ ń san owó oṣù nígbà tó bá rọ̀ ọ́ lọ́rùn, kò sì ra epo bẹntiróòlù sí alùpùpù. Àwọn tó ń fẹ̀yìn tì, wọn kò fi ẹlòmíràn rọ́pò wọn. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún àgbẹ̀ ló wà lọ́rùn òṣìṣẹ́ kan báyìí, ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ abúlé ni kò sì tíì fojú kan àgíríìkì rí.

Ìtàn ẹ̀gẹ́ yóò jẹ́ ká rí bí ọ̀ràn ṣe lè rí nígbà tí gbogbo nǹkan bá pé. Ní àwọn ọdún 1970, kòkòrò kan tó funfun bí ìyẹ̀fun, tó ti Gúúsù Amẹ́ríkà wá, bẹ̀rẹ̀ sí í pa ẹ̀gẹ́ káàkiri Áfíríkà. Àwọn onímọ̀ IITA, ní Ìbàdàn, ilé iṣẹ́ ìwádìí tó bẹ̀rẹ̀ ní 1967, wá agbọ́n wẹ́wẹ́ kan lọ sí Paraguay tí í máa pa kòkòrò náà. Láti 1981 ni wọ́n ti ń tú u sílẹ̀, Hans Herren tó ṣáájú iṣẹ́ náà sì gba Ẹ̀bùn Oúnjẹ Àgbáyé ní 1995. Àgbẹ̀ kò ní láti kọ́ ohunkóhun fún èyí, agbọ́n fò lọ fúnra rẹ̀. Irúgbìn tuntun ni àgbẹ̀ ní láti gbà. Sang Ki Hahn, ọmọ Kòríà, ló ń ṣe irúgbìn ẹ̀gẹ́ tí àrùn kò tètè mú, tó sì tètè gbó. Òun àti àwọn tó ń bá a ṣiṣẹ́ ń wọ oko, wọ́n ń pín igi ẹ̀gẹ́. Àwọn ará Ìkirè fi í jẹ Séríkí Àgbẹ̀ ní 1983. Igi ẹ̀gẹ́ kì í gba ẹ̀yáwó tàbí ìwé ẹ̀rí: ẹni tó bá gbìn ín lọ́dún yìí, èèyàn mẹ́wàá ló lè fún lọ́dún tó ń bọ̀. Ó ti dé ọ̀pọ̀ abúlé kí ADP tó dé ibẹ̀. Àwọn tó ń ṣe ẹ̀rọ ìrẹ́gẹ̀ẹ́, ọ̀dọ́ wẹ́dà ni púpọ̀ nínú wọn, rí iṣẹ́ lára rẹ̀ láìsí ètò ọ̀dọ́ kankan.

Ẹ̀kọ́ oko fún ọ̀dọ́ gan-an, ilé ẹ̀kọ́ ló yẹ kó ti bẹ̀rẹ̀. Ta ni nínú wa tí wọn kò rán lọ gé koríko oko ilé ẹ̀kọ́ nítorí pé ó pẹ́ dé? Ọmọ tó mọ ọkọ́ gẹ́gẹ́ bí ìyà láti ìgbà tó ti wà ní ọmọ ọdún mẹ́jọ, kí ni ètò ọ̀sẹ̀ mẹ́ta yóò sọ fún un ní ọmọ ọdún mẹ́tàlélógún? IITA gbìyànjú láti yí èyí padà ní ilé ẹ̀kọ́ gírámà Fáṣọlá ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́, níbi tí wọ́n ti fi iṣẹ́ àgbẹ̀ hàn àwọn akẹ́kọ̀ọ́ gẹ́gẹ́ bí òwò tó ní ìṣirò àti ẹ̀rọ nínú. Ó dára, ṣùgbọ́n ilé ẹ̀kọ́ díẹ̀ ni. IITA kan náà ló bẹ̀rẹ̀ ẹgbẹ́ àwọn ọ̀dọ́ oníṣòwò àgbẹ̀ rẹ̀ ní 2012, wọ́n sì jẹ́rìí sí i pé ọmọ tó kàwé lè fi irúgbìn, ẹja àti ìyẹ̀fun ẹ̀gẹ́ jẹun. Orí ilẹ̀ IITA ni púpọ̀ nínú wọn ti bẹ̀rẹ̀.

Ilé ẹ̀kọ́ àgbẹ̀ Leventis ní Iléṣà, tó bẹ̀rẹ̀ ní 1987, kò ṣe bí àwọn tó máa ń kó ọ̀dọ́ sí hòtẹ́ẹ̀lì fún ọjọ́ mẹ́wàá. Ọdún kan gbáko ni ọmọ fi ń gbé níbẹ̀, ó ń ro oko, ó ń bọ́ ẹran. Àwọn ọmọ oko ni wọ́n ń wá, wọn kò sì sá fún ẹni tí ìwé rẹ̀ kò pọ̀. Bí a bá rékọjá ibodè dé Àjàṣẹ́, tí àwọn Faransé ń pè ní Porto-Novo, a ó bá Songhai, tí bàbá Dominican kan, Godfrey Nzamujo, dá sílẹ̀ ní 1985. Ìgbẹ́ ẹran ń di gáàsì ìdáná àti ajílẹ̀, ajílẹ̀ ń lọ sórí ẹ̀fọ́, ohun tó bá kù lára ẹ̀fọ́ ń padà sọ́dọ̀ ẹran àti ẹja. Ilé ẹ̀rọ àti ibi ìtajà wà nínú ọgbà kan náà, ọ̀dọ́ sì ń rí i bí ohun tó gbìn ṣe di owó. Ìyẹn ni ọ̀pọ̀ ètò wa kò ní. Wọ́n kọ́ ọ̀dọ́ bí a ṣe ń gbin tòmátì, wọn kò fi ẹni tí yóò rà á hàn án, nígbà tí tòmátì bá pọ̀ lọ́jà lóṣù kan náà, ọ̀dọ́ gbé ọ̀kadà.

Fóònù yóò rọ́pò òṣìṣẹ́ abúlé, bẹ́ẹ̀ ni àwọn kan ń sọ. Ní 2012, nígbà tí Akínwùmí Adéṣínà jẹ́ mínísítà, ìjọba àpapọ̀ fi ọ̀rọ̀ orí fóònù pín ajílẹ̀ àti irúgbìn ẹ̀dínwó ní tààrà fún àwọn àgbẹ̀ tó forúkọ sílẹ̀. Ó gba ajílẹ̀ lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ alágbàtà tó ń fi ọkọ̀ ńlá kó o lọ, ìyẹn tó ìyìn. Fóònù lè sọ fún ọ pé ajílẹ̀ rẹ dé. Kò rọrùn fún un láti fojú wo ewé àgbàdo rẹ kó sì sọ pé kòkòrò ló ń jẹ ẹ́, oúnjẹ ilẹ̀ kọ́ ló tán, níbi tí nẹ́tíwọ̀kì ti ń lọ ti ń bọ̀. Mo rí àwọn ẹgbẹ́ WhatsApp tí àwọn ọ̀dọ́ àgbẹ̀ fi ń ya àwòrán àrùn ránṣẹ́ síra wọn. Wúlò ni. Àwọn tó ń dáhùn níbẹ̀ dáadáa jẹ́ àwọn tó ti gba ẹ̀kọ́ lọ́wọ́ ènìyàn kan lóko rí.

Ọ̀rọ̀ ilẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ìròyìn nípa ọ̀dọ́ àti iṣẹ́ àgbẹ̀ máa ń fi ìlà kan ṣoṣo kọjá. Lábẹ́ òfin ilẹ̀ 1978, gómìnà ló ń ṣe ìtọ́jú ilẹ̀ fún gbogbo ará ìpínlẹ̀. Ní abúlé, mọ̀lẹ́bí ló ṣì ń sọ ẹni tí yóò ro ibo. Ọ̀dọ́kùnrin lè rí èyí tí yóò fi gbin àgbàdo àti ẹ̀gẹ́. Bó bá ní òun fẹ́ gbin kòkó, kajú tàbí ọsàn, ohun tí yóò pẹ́ nílẹ̀, àwọn àgbà á wo ojú ara wọn, torí igi tó bá pẹ́ lórí ilẹ̀ á fẹ́ di ẹ̀rí pé onígi ló ni ilẹ̀. Àlejò tó bá gba ilẹ̀ á san ìṣákọ́lẹ̀, wọn á sì kìlọ̀ fún un nípa igi kan náà. Ọmọbìnrin tó kàwé àgbẹ̀ gboyè, tí kò sì tíì lọ́kọ, ẹjọ́ tirẹ̀ le jù: nílé bàbá rẹ̀, wọ́n ní yóò lọ, nílé ọkọ, wọ́n á ní àlejò ni. Nígbà tí ìjọba àpapọ̀ gba àwọn tó ti parí yunifásítì sí ẹ̀ka iṣẹ́ àgbẹ̀ ti N-Power, ètò ìgbanisíṣẹ́ ọ̀dọ́ rẹ̀, ní 2016, àwọn ni wọ́n ní kó máa gba àgbẹ̀ nímọ̀ràn. Àgbẹ̀ ń bi wọ́n léèrè ibi tí oko tiwọn wà. Ọ̀pọ̀ nínú wọn kò ní oko, owó oṣù wọn sì ní gbèdéke.

Nítorí náà, bí mo bá ń ṣàyẹ̀wò ètò ọ̀dọ́ kan lónìí, ìwé ẹ̀kọ́ wọn kọ́ ni mo kọ́kọ́ ń bèèrè. Mo ń bèèrè ìwé àdéhùn ilẹ̀ tí ọ̀dọ́ náà yóò gbà lọ́wọ́ mọ̀lẹ́bí, iye ọdún tó wà níbẹ̀, àti bóyá ó fàyè gba igi. Ọ̀pọ̀ ilẹ̀ tí Ẹkùn Ìwọ̀-Oòrùn gbà fún ibùdó àgbẹ̀ ní 1960 ṣì wà lábẹ́ ìjọba ìpínlẹ̀, díẹ̀ nínú rẹ̀ ni igbó ti bò. Kò ṣòro láti wọ̀n ọ́n, kí a pín in fún ọ̀dọ́ ọkùnrin àti obìnrin abúlé tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibẹ̀ fún ogún ọdún, kí a má kọ́ ilé fún wọn, kí a má sì san owó oṣù. Òṣìṣẹ́ àgíríìkì kan tó gbọ́ èdè àdúgbò, tí wọ́n rí epo fún alùpùpù rẹ̀, tí wọ́n sì jẹ́ kó dúró ju ọdún mẹ́wàá lọ ní agbègbè kan náà, ni kí wọ́n fi tì wọ́n. Bóyá ni owó òṣìṣẹ́ bẹ́ẹ̀ fún ọdún kan tó ohun tí wọ́n ń ná lórí ìpàdé ìfilọ́lẹ̀ ètò kan ní ilé ìgbàlejò Ìbàdàn.